Ìwé Àwìn Olóúnjẹ Nìkan Kọ́ Ló Yẹ Kó Mọ Ohun Tí À Ń Jẹ

Ní Máfolúkù, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ó ṣòro kí ènìyàn rí olóúnjẹ tàbí oníṣọ́ọ̀bù kékeré tí kò ní ìwé àwìn. Ìwé ọmọ iléèwé ni, èyí tí epo ti ta sí lára, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń ya. Orúkọ oníbàárà wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tó ra ọjà wà níbẹ̀, ohun tó rà àti iye rẹ̀ náà wà níbẹ̀: ìrẹsì àti ẹran méjì, búrẹ́dì kan, ẹlẹ́rìndòdò kan, ṣúgà, mílíìkì ọlọ́ràá kékeré méjì. Nígbà tí owó oṣù bá wọlé, oníbàárà yóò tẹjú mọ́ ìwé náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé, "Ṣé èmi nìkan ni mo jẹ gbogbo èyí?" Òun náà ni. Ìwé kì í gbàgbé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Bí olóúnjẹ bá ń kọ ohun tí à ń jẹ sílẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí àwa fúnra wa máa kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀mí wa. Ara náà ń ta àwìn fún wa. Ó ń gba iyọ̀, ó ń gba ṣúgà, ó ń gba òróró, kò sì béèrè owó lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá béèrè, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ ló máa ń rán wá gba gbèsè. Àwọn àgbà kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run.

Ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Kò ju pé kí ènìyàn máa kọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu rẹ̀ kọjá sílẹ̀, pẹ̀lú aago tó jẹ ẹ́ àti bí ó ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé àṣà àwọn òṣèré àti àwọn olówó tó fẹ́ dín ọ̀rá ara kù ni. Èrò yìí ni mo fẹ́ tako, nítorí pé ẹni tí kò lówó ilé ìwòsàn gan-an ni ìwé yìí yẹ jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá bàbá kan, ó rí i pé ó ga. Ó béèrè pé, "Kí lẹ máa ń jẹ, bàbá?" Bàbá dáhùn pé, "Oúnjẹ wa náà ni o. Àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹ̀wà." Bàbá kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán. Ohun tí wọ́n ń sè nílé rẹ̀ ló sọ, kì í ṣe ohun tó ń jẹ. Ọ̀nà méjèèjì jìn síra wọn, pàápàá jù lọ ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ti ń di jíjẹ lójú ọ̀nà, lórí ìdúró, tàbí nínú ọkọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ ojú kan.

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan tó ń gbé ní Máfolúkù ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mò ń bá wí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ irú rẹ̀. Ní aago márùn-ún ìdájí ló ti jáde, kó sì tó gbé èrò àkọ́kọ́ ní Òṣòdì, ó ti jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ní aago mẹ́sàn-án, ooru ti mú, ó na owó láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó gba ẹlẹ́rìndòdò tútù kan. Lọ́sàn-án, ìrẹsì ni, pẹ̀lú dòdò, ẹran àti pọ̀nmọ́. Ní aago mẹ́rin, ọkọ̀ kò lọ, ó ra ìpékeré àti ẹlẹ́rìndòdò kejì. Ní alẹ́, ó yà nídìí ìsọ̀ súyà. Nígbà tó délé ní aago mẹ́wàá, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá kalẹ̀, kò sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun kọ oúnjẹ rẹ̀, ló bá jẹ ẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun jẹun. Ìwé yóò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni. Ní ti ẹlẹ́rìndòdò méjèèjì, wọn kò tilẹ̀ sí nínú ìrántí rẹ̀, nítorí pé nínú ìṣirò ọ̀pọ̀ wa, ohun tí a bá mu kì í ṣe oúnjẹ.

Ti ìyàwó ilé tó ń tajà lè yàtọ̀ pátápátá. Ó lè má fi nǹkan kan kan ẹnu títí di aago méjì ọ̀sán, nítorí pé ọjà kò jẹ́ kó jókòó. Lẹ́yìn náà, yóò jẹ àjẹkù àwọn ọmọ, yóò tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin nídìí iná, yóò sì wá jẹ oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí oorun ti ń kùn ún. Òun náà yóò sọ fún dókítà pé òun kì í jẹun púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àyípadà kékeré ni ìgbé ayé ìgboro mú bá wa. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago ṣáájú wọn gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ìfúnpá ènìyàn tó lé ní 10,000 ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, Saint Lucia, Barbados àti Maywood lẹ́bàá Chicago. Agbègbè Igbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n rí i pé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ènìyàn 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Karibíánì, ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 33. Orírun kan náà ni gbogbo wọn, ìgbé ayé wọn ló yàtọ̀. Sísanra àti iyọ̀ jíjẹ sì wà lára ohun tí àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí.

Ẹni tó ti Igbó-Ọrà wá ń gbé ní Máfolúkù lè máà tíì wọ ọkọ̀ òfurufú rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ Chicago ti wá bá a nílé. Ó wà nínú ìgò, ó wà nínú ọ̀rá, ó wà nínú páálí, ó sì ń dúró dè é ní gbogbo oríta. Oko tí à bá rìn lọ kò sí mọ́, odó tí à bá fi gúnyán ti di ẹ̀rọ, síbẹ̀ bí àgbẹ̀ là ń jẹun.

Ṣé kíkọ nǹkan sílẹ̀ lè yí èyí padà? Ẹ̀rí wà pé ó ń ṣèrànwọ́. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ àjọ ìlera Kaiser Permanente, tẹ̀ lé àwọn ènìyàn bí 1,700 tí wọ́n fẹ́ dín ìwọ̀n ara wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́ fi ìlọ́po méjì dín ìwọ̀n ara kù ju àwọn tí kò kọ nǹkan kan lọ. Ìwé náà kì í ṣe oògùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ọwọ́ ní àkókò láti ronú kó tó kan ẹnu.

Ẹ̀rí kejì tún wà tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa. Ní ọdún 1992, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn New England Journal of Medicine tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó sanra tí wọ́n ní àwọn kì í jẹun púpọ̀, síbẹ̀ tí ara wọn kò dín kù. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀, wọ́n sì fi ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì wọn ohun tí ara wọn ń lò ní ti gidi. Ohun tí wọ́n kọ fi ìdá 47 nínú 100 dín sí ohun tí wọ́n jẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé tí a bá fi ìrántí kọ lóru, nígbà tí ó ti rẹ̀ wá, kì í ṣe ẹlẹ́rìí tòótọ́. Bí a bá ti jẹ ẹ́ ni ká ti kọ ọ́. Olóúnjẹ kì í dúró di alẹ́ kó tó kọ àwìn, nítorí ó mọ̀ pé òun yóò gbàgbé.

Báwo ni kí a ṣe é? Ìwé kékeré tó lè wọ àpò ti tó. Kí a fa ìlà sí i kó di òpó márùn-ún: aago, ohun tí a jẹ tàbí tí a mu, bí ó ṣe pọ̀ tó, iye owó rẹ̀, àti ìdí tí a fi jẹ ẹ́. Kò sí ìdí láti máa ṣírò kálórì. Ẹ lo òṣùwọ̀n tí ẹ mọ̀. Ẹ̀bà tó tó ìkúùkù méjì, ìrẹsì àwo kan, ṣúgà ṣíbí mẹ́ta, ẹran kan. Òpó ìdí ni kí ẹ má fojú kéré. Ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀: ebi ń pa mí; ooru mú; inú bí mi; wọ́n fi lọ̀ mí ní òde ìnáwó; mi ò rí nǹkan míì rà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òpó yìí ni yóò kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ jù, nítorí pé yóò hàn kedere iye ìgbà tí ẹ jẹun láìjẹ́ pé ebi ń pa yín.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a jókòó ka ìwé náà bí ẹni ń ka ìṣirò àjọ. Ọjọ́ mélòó ni a jẹ ẹ̀fọ́? Ọjọ́ mélòó ni èso wọ ẹnu wa? Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní gíráàmù 400 lóòjọ́. Ó ní kí iyọ̀ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ, fún gbogbo ọjọ́, mágí náà sì wà nínú ìṣirò yẹn, nítorí pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ti ṣúgà tí a fi kún nǹkan, ó ní kí ó má ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ ń fún wa lọ. Fún àgbàlagbà tí kálórì 2,000 tó lóòjọ́, èyí jẹ́ gíráàmù 50, ó sì sàn bí a bá lè dín in kù sí ìdajì.

Ẹ fi èyí wo ẹlẹ́rìndòdò awakọ̀ wa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mílílítà 100, a jẹ́ pé ìgò sẹ̀ǹtílítà 50 ní gíráàmù 50. Ṣíbí tíì 12 nìyẹn. Ìgò kan ṣoṣo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ ọjọ́ náà tán, ó sì mu méjì. Kò sí ẹni tí yóò bu ṣúgà ṣíbí 24 sínú ògì kó sì mu ún. Ìyá rẹ̀ yóò ti pariwo pé jẹ̀díjẹ̀dí yóò pa á.

Nígbà tí a bá rí àṣìṣe, ẹ má jẹ́ ká gbìyànjú láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Nǹkan kan ṣoṣo ni ká mú. Kí ẹlẹ́rìndòdò kejì di omi. Kí ẹ̀bà alẹ́ di ìkúùkù kan, kí ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ sì pọ̀ sí i. Bí nǹkan náà bá ti mọ́ wa lára, ká tún mú òmíràn.

Mo ti gbọ́ àtakò tí àwọn kan yóò ṣe. Wọ́n ní, ẹni tó rí oúnjẹ ló ń kọ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, National Bureau of Statistics, sọ pé owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú 100 ga ju ti oṣù Kẹfà ọdún 2023 lọ. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe; ebi kò sì tíì kúrò nínú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí òpó owó fi wà nínú ìwé náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kò gbọdọ̀ ná èyíkéyìí nínú rẹ̀ sórí ohun tí kò ṣe ara rẹ̀ lóore. Ẹ ṣírò iye tí ẹlẹ́rìndòdò méjì lóòjọ́ jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ní àdúgbò yín, kí ẹ wá béèrè iye ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tí owó náà lè rà. Ìwé yìí tún lè fi ẹni tí ebi ń pa hàn. Nínú ilé tí ìyá ti ń jẹun kẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé ọbẹ̀ lásán ló máa ń kù fún un, àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan yóò tú àṣírí tí ìfaradà rẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kì í ṣe àṣà wa. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwa tí a ń dá àjọ, tí alájọ ń fi ìlà sínú káàdì wa lójoojúmọ́ títí oṣù yóò fi pé, ṣé àwa la ó sọ pé a kò mọ bí a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ lè fa ìlà bíi ti alájọ: ìlà kan fún ẹlẹ́rìndòdò, ìlà kan fún ẹ̀fọ́. Ẹni tó ní fóònù lè ya àwòrán àwo rẹ̀ kó tó bu òkèlè. Ọmọ iléèwé lè bá ìyá àgbà kọ ọ́.

Síbẹ̀, ìwé yìí ní ewu tirẹ̀ bí a bá ṣì í lò. Kò gbọdọ̀ di pàṣán lọ́wọ́ ọkọ tó fẹ́ máa ka òkèlè mọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, tàbí lọ́wọ́ òbí tó fẹ́ máa fi sísanra bú ọmọ. Olúkúlùkù ni kó ni ìwé tirẹ̀. Ẹni tí ìṣirò oúnjẹ bá ti ń kó sí ìbẹ̀rù débi pé kò lè jẹun mọ́, kó pa ìwé tì, kó wá ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ ṣàdédé dín oúnjẹ rẹ̀ kù láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, èyí náà sì lè pa ènìyàn. Iṣẹ́ ìwé ni láti bá a dé iwájú dókítà, kì í ṣe láti rọ́pò dókítà.

Mi ò sì fẹ́ kí ìjọba fi ọ̀rọ̀ yìí sá pamọ́. Òfin ìnáwó ọdún 2021 gbé owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò aláṣúgà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọdún 2022. Nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí tó báyìí, ₦10 kò lè mú kí ẹnikẹ́ni gbé ìgò sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí owó orí náà dáàbò bo ìlera, ó yẹ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí owó náà sì lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi tí ará Máfolúkù ti lè lọ wọn ìfúnpá rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ó yẹ kí ohun tí wọ́n ń kọ sára ìgò àti páálí jẹ́ lẹ́tà tí ojú lásán lè kà, kó sì wà ní èdè tí olùrà gbọ́.

Ohun kan tún wà tí ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe tí kò ní ná wọn ní owó rẹpẹtẹ. Gbogbo ìyá tó bá bímọ ní ilé ìwòsàn ìjọba ló ń gba káàdì kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ àbẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ àti ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìyá kì í fi káàdì náà ṣeré. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọ náà bá ti dàgbà, kò ní káàdì mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dìgbàdìgbà wọ ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tẹ káàdì fún àgbàlagbà tó bá ti pé ẹni ogójì ọdún: ìfúnpá, ìwọ̀n ara, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti ojú ìwé méjì tí yóò máa kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sí kó tó wá rí nọ́ọ̀sì. Nígbà náà, bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé "Kí lẹ máa ń jẹ, bàbá?", bàbá kò ní fi ìrántí dáhùn.

Kí ìjọba tó gbọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ ra ìwé kan lónìí, kí ẹ sì fi bírò há a lára. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi kan ẹnu lówùúrọ̀ ọ̀la, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe tíì, ì báà ṣe àkàrà méjì tí ẹ rà kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó nu ọwọ́. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ méje péré, kí ẹ tó pinnu bóyá ó wúlò tàbí kò wúlò. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí a kò bá mọ ìwà rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń jẹ́ kó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́.